Autofs kọ̀, kò gbé home àwọn ọmọ wá mọ́, Sátidé dẹ̀ ti ń bọ̀

Ọmọ_Èbúté
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, àtàárọ̀ ni mo ti wà lórí nǹkan yìí, ẹ̀bà tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti di òkúta. Mo ń bójú tó lábù kékeré kan níbí ní Ìkòròdú, lọ́nà Àgríìkì, àwọn ọmọ tó ń kọ́ Linux ló ń wá síbẹ̀, ṣẹ́fà mẹ́ta la ní tí wọ́n ń jókòó sórí ẹ̀rọ míì fi ssh wọ̀, A, B àti D, ìkẹrin wà níkọ̀rọ̀ tí ọmọ kankan kì í wọ̀, òun ló ń tọ́jú home gbogbo wọn, ìyẹn fódà tí iṣẹ́ oníkálukú wà, tó fi jẹ́ pé èyí tó bá wu ọmọ ló lè wọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ ẹ̀ á bá a níbẹ̀. NFS ni, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan lo fódà tó wà lórí ẹ̀rọ míì, autofs ló ń bá wa mount ẹ̀, ìyẹn ni pé tí wọ́n bá pe fódà yẹn, á so ó mọ́ ẹ̀rọ tí ọmọ wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n mú iná dé lójijì, ó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, pawa ṣẹ́fà tó ń tọ́jú home bá jó. Mo yọ díìsìkì ẹ̀, mo gbé e sínú tòkunbọ̀ kan tí mo rà, IP ẹ̀ wá yí padà sí 192.168.1.10. Mo tún auto.home, ìyẹn map tó ń sọ ibi tí home wà fún autofs, kọ lórí A, ó ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Mo gbé e dé B àti D, àwọn yẹn kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ á tẹ páásíwọọ̀dù, á wọlé, ohun tó máa kí i káàbọ̀ ni:

Could not chdir to home directory /home/user07: No such file or directory

Á wá bá ara ẹ̀ nínú / bí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ ní Sábo tí kò ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́. Map yẹn ò dẹ̀ ju ìlà kan lọ, mo ti kà á títí ojú fi ń dùn mí:

* -fstype=nfs4,rw 192.168.1.10:/export/home/&

Nínú auto.master, /home /etc/auto.home ló wà níbẹ̀. Ohun tó wà lórí A gan-an nìyẹn, lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí mo bá dẹ̀ ṣe ls /home lórí B, òfìfo ni. Ẹ gbà mí, Sátidé làwọn ọmọ ń bọ̀.

kékeré_root
Bọ̀ọ̀dá, ẹ kàn chmod 777 gbogbo /export/home yẹn kí ẹ ríbúùtù, ó tán. Bí èmi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Àǹtí_Tẹ́mínà
Ẹ má tẹ̀lé ọmọ yìí o. 777 lórí home àwọn èèyàn, kí ẹnikẹ́ni lè máa ka iṣẹ́ ẹlòmíì, kó tún máa kọ nǹkan sí i? Kò dẹ̀ ní tún nǹkan kan ṣe, á bà á jẹ́ sí i ni, torí pé tí sshd tó ń gba èèyàn wọlé bá rí i pé ẹlòmíì lè kọ nǹkan sínú home ẹ, kò ní gba kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú authorized_keys ẹ, èyí tó o fi ń wọlé láìtẹ páásíwọọ̀dù, mọ́. @kékeré_root lọ jókòó.

@Ọmọ_Èbúté, ti pé ls /home jẹ́ òfìfo, yọ ìyẹn kúrò lọ́kàn. Ìràwọ̀ (*) lo kọ sínú map, autofs ò mọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀ àfi tí wọ́n bá pe onítọ̀hún. Ṣe ls /home/user07, pè é lórúkọ, ìgbà yẹn ló máa dìde. Èèyàn púpọ̀ ló ti ba iṣẹ́ tó dáa jẹ́ nítorí òfìfo yẹn.

Baba_Kébù
Àbúrò, rọra. Má tíì fọwọ́ kan autofs rárá. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé màá yọ autofs kúrò láàárín, màá fọwọ́ ara mi mount, kí n mọ ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Lórí B, gẹ́gẹ́ bíi root, ọ̀gá ẹ̀rọ:

mkdir -p /mnt/test
mount -t nfs4 192.168.1.10:/export/home/user07 /mnt/test

Tó bá gbà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mọ́, NFS mọ́, firewall mọ́, autofs nìkan ló kù tá a máa mú. Tó bá kọ̀, fi autofs sílẹ̀, inú ṣẹ́fà home ni kó o lọ. Mo ti fi odindi ọjọ́ méjì wá autofs kiri rí ní ibi kan lọ́nà Èbúté, àṣé ẹnì kan ló ti pọ́ọ̀tù 2049 tí NFS ń gbà kọjá pa. Ọjọ́ méjì o, mo dẹ̀ ti gba owó iṣẹ́.

Ọmọ_Èbúté
Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣe é, ó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo rí gbogbo fáìlì user07 nínú /mnt/test. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wá rú mi lójú, mo ní kí n fi showmount -e 192.168.1.10 wo ohun tí ṣẹ́fà yẹn ń gbé jáde, ó dúró, kò sọ nǹkan kan, nígbà tó pẹ́ ló bá bínú. Báwo ni mount á ṣe gbà kí showmount kọ̀?

Àǹtí_Tẹ́mínà
Ìyẹn ò ṣèèmọ̀. Ọmọ ayé àtijọ́ ni showmount, rpcbind tó wà ní pọ́ọ̀tù 111 àti mountd ló ń bá sọ̀rọ̀, ti NFSv3 nìyẹn. NFSv4 ò nílò wọn, 2049 nìkan ti tó o. Ó ní láti jẹ́ pé 2049 nìkan lo ṣí nínú firewall ṣẹ́fà tuntun yìí. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dáa. Tó o bá fẹ́ mọ ohun tó ń gbé jáde, dúró lórí ṣẹ́fà yẹn fúnra ẹ̀ kó o ṣe exportfs -v.

Ọ̀rọ̀ ti di ti autofs báyìí. Jẹ́ ká mú un kó sọ̀rọ̀. Lórí B, ṣe systemctl stop autofs, lẹ́yìn náà:

automount -f -v -d

Kò ní dá prompt padà fún ẹ, jẹ́ kó máa rò níbẹ̀. Ṣí tẹ́mínà kejì, ṣe ls /home/user07, gbogbo ohun tó bá tú jáde lásìkò yẹn ni kó o kó wá síbí, má gé nǹkan kan kúrò. Tó o bá ti parí, Ctrl+C, kó o tún start autofs padà.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́
Kí bọ̀ọ̀dá tó dé, ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti Ẹ̀pẹ́ níbí. Ẹ bá mi wo /etc/exports lórí ṣẹ́fà yẹn, ìwé tó ń sọ ẹni tó lè lo fódà, ṣé kò sí àlàfo láàárín àdírẹ́ẹ̀sì àti àkámọ́? Tí ẹ bá kọ

/export/home 192.168.1.0/24(rw,sync,no_subtree_check)

ó dáa. Tí àlàfo ẹyọ kan bá bọ́ sáàárín 24 àti àkámọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá, ohun tó máa yé e ni pé kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín máa kà nìkan, kí gbogbo ayé tó kù wá máa kọ. Ojú mi rí i. Wọ́n ní àwọn ọmọ ò lè fi iṣẹ́ pamọ́, mo ń wá permission kiri, àlàfo tí ojú ò tiẹ̀ fẹ́ rí ni. Tí ẹ bá tún un ṣe, exportfs -ra, kò nílò ríbúùtù.

Ọmọ_Èbúté
@Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́ kò sí àlàfo, mo ti wò ó, ẹ ṣé. Àǹtí, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo mú ibi tó ṣe kókó:

handle_packet_missing_indirect: token 12, name user07, request pid 2210
lookup_mount: lookup(program): looking up user07
failed to mount /home/user07

Mo ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ náà lórí A kí n lè fi wéra, ohun tó sọ níbẹ̀ ni:

lookup_mount: lookup(file): looking up user07

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá mount. Kí ni program yẹn? Èmi ò kọ program kankan.

Àǹtí_Tẹ́mínà
Haaa! Mo ti mú un. Ṣe ls -l /etc/auto.home lórí B, kó o wá sọ ohun tó o rí fún mi. Lẹ́yìn náà kó o sọ bó o ṣe gbé fáìlì yẹn débẹ̀.

Ọmọ_Èbúté
-rwxr-xr-x 1 root root
Flash ni mo fi gbé e, àǹtí. Nano ni mo fi kọ ti A, mo wá kọ́pì í sórí flash, mo mú flash lọ sórí B àti D, mo mount ẹ̀ sí /mnt, mo cp.

Àǹtí_Tẹ́mínà
Òun náà nìyẹn. x tó wà níbẹ̀ yẹn ni olè. Tí autofs bá fẹ́ ka map, ó máa kọ́kọ́ wò ó bóyá x wà lórí ẹ̀. Tí x ò bá sí, ó gbà pé ìwé ni, á ṣí i, á kà á. Tí x bá wà, ó gbà pé program ni, kò ní kà á rárá, ṣe ló máa pè é bí ẹni ń pe iránṣẹ́, á fún un lórúkọ user07, á wá máa retí kó dá òun lóhùn ibi tí òun máa lọ mount. Ṣé o ti rí ẹni tí wọ́n fún ní lẹ́tà rí, tó wá ń bi lẹ́tà ní ìbéèrè dípò kó kà á? Lẹ́tà ò ní lẹ́nu. Ó dá ọwọ́ òfo padà, autofs wá sọ fún ọmọ pé home ẹ̀ ò sí.

Flash ẹ, FAT ni, àbí? FAT ò mọ ohun tó ń jẹ́ permission, nígbà tó o sì ti fọwọ́ mount ẹ̀ bíi root lórí ṣẹ́fà tí kò ní desktop, Linux á kàn fi x sí gbogbo fáìlì tó wà lórí ẹ̀, cp náà á gbé x yẹn tẹ̀lé e wọlé. Ṣe báyìí lórí B àti D:

chmod 644 /etc/auto.home
systemctl restart autofs

Baba_Kébù
Kò burú fún ẹ o, àǹtí wa. Mo ti ń fi autofs ṣiṣẹ́ látìgbà pípẹ́, mi ò rí ti flash yìí rí. Mo mọ̀ pé map lè jẹ́ program, mo tiẹ̀ ti kọ ọ̀kan rí pẹ̀lú bash, ṣùgbọ́n pé flash lè sọ ìwé di program, ẹ̀kọ́ tuntun lèyí jẹ́ fún mi.

Ọmọ_Èbúté
ÓṢIṢẸ́!!! Mo fò dìde, àbúrò mi rò pé wọ́n gbé Arsenal wọlé ni. B ti gbà, user07 wọlé, ó rí ilé ẹ̀. Àǹtí, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, ó ku nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi user21 kún un, ọmọ tuntun ni, mo gbàgbé láti ṣẹ̀dá fódà ẹ̀ lórí ṣẹ́fà home, ó gbìyànjú láti wọlé lórí B, kò rí i. Mo sáré ṣẹ̀dá fódà yẹn, mo chown ẹ̀ dáadáa, ó tún gbìyànjú, kò rí i síbẹ̀! Mo ń bínú lọ mu omi, nígbà tí mo fi máa dé, ó ti wà nínú ilé ẹ̀. Ta ló tún un ṣe? Èkejì, lórí D, user07 wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n Permission denied ló ń rí nínú home ẹ̀, tí mo bá dẹ̀ ṣe ls -l, user12 ló ni gbogbo fáìlì ẹ̀.

Ará_Àgbádárìgì
Ti omi yẹn, kò sẹ́ni tó tún un ṣe, àkókò ló kọjá. Tí autofs bá wá nǹkan tí kò rí i, ó máa di í sọ́kàn pé kò sí, fún 60 ìṣẹ́jú àáyá, láàárín ìgbà yẹn tó o bá bi í ní ìgbà igba, kò ní tún lọ wò, á kàn máa dá ẹ lóhùn pé mo ti sọ fún ẹ pé kò sí. negative_timeout ni wọ́n pè é nínú autofs.conf. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi máa ń tún nǹkan ṣe tán tí wọ́n á rò pé kò gbà, wọ́n á tún lọ fọwọ́ ba ibòmíì jẹ́. Tó o bá ń kánjú, restart autofs, á gbàgbé.

Baba_Kébù
Ti D, jẹ́ kí n bi ẹ́, ṣé D náà ò ní nǹkan kan tó ṣe é nígbà tí iná yẹn dé?

Ọmọ_Èbúté
Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ó ba díìsìkì ẹ̀ jẹ́, mo tún Linux fi sí i lọ́jọ́ Ajé, mo dẹ̀ tún gbogbo user ṣe pẹ̀lú useradd látorí ìwé tí mo kọ orúkọ wọn sí.

Baba_Kébù
Kì í ṣe bí orúkọ wọn ṣe tò lórí A lo ṣe tò ó sínú ìwé yẹn. NFS tá a ń lò lásán báyìí, tí kò ní Kerberos tó ń yẹ èèyàn wò, orúkọ ò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹ̀, nọ́ńbà ló mọ̀. Ẹni tó bá gbé 1007 wá ló ni fáìlì 1007, ì báà jẹ́ ta ni. Ṣe id user07 lórí A, kó o tún ṣe é lórí D.

Ọmọ_Èbúté
A: uid=1007. D: uid=1012. Yéè.

Baba_Kébù
Mo sọ bẹ́ẹ̀. Má fọwọ́ kan fáìlì tó wà lórí ṣẹ́fà home o! Má chown nǹkan kan níbẹ̀, ibẹ̀ ló tọ̀nà, D ló ṣìnà. Dá autofs dúró lórí D. Kọ nọ́ńbà gbogbo wọn sílẹ̀ látorí A, getent passwd á kó o jáde fún ẹ. Lẹ́yìn náà pa àwọn user yẹn rẹ́ lórí D pẹ̀lú userdel, mo ní userdel lásán, MÁ FI -r SÍ I, -r yẹn ló máa ń wá home kí ó lè pa á rẹ́, a ò fẹ́ kó wá home ẹnikẹ́ni. Wá tún wọn dá pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, useradd -u 1007 -M user07, -M á sọ fún un pé kó má ṣẹ̀dá home torí ó ti wà níbòmíì. Group náà, rí i pé nọ́ńbà tiẹ̀ bára mu. Páásíwọọ̀dù wọn á nílò àtúnṣe. Kó o wá start autofs.

Lọ́jọ́ iwájú, fi FreeIPA tàbí LDAP sí i, kí nọ́ńbà máa ti ojú kan wá. Ogún ọmọ lo ní báyìí, tí wọ́n bá di igba, ìwé ò lè gbà á.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́
Tó bá dọjọ́ yẹn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pam_mkhomedir pé á máa ṣẹ̀dá home tuntun lórí NFS fún yín o. Root ló ń ṣiṣẹ́ yẹn látorí B, root_squash dẹ̀ ti sọ root B di ẹni lásán tó bá dé ṣẹ́fà home, wọ́n á lé e padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ṣẹ́fà home fúnra ẹ̀ máa ṣẹ̀dá fódà.

Ọmọ_Èbúté
Mo ti gbọ́. Mo máa ṣe ti D lóru yìí. Ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ tó lọ sùn, lórí A, df -h kàn dúró bí ère, kò padà, Ctrl+C gan-an ò ràn án.

Ará_Àgbádárìgì
Àwọn mount àtijọ́ tó ń wo IP àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de òkú. Má lo df, gbogbo mount ló máa ń lọ kí, tó bá kan òkú yẹn, òun náà á kú síbẹ̀. Lo findmnt -t nfs4, ìyẹn ò ní bá ṣẹ́fà sọ̀rọ̀, á kàn ka ohun tí kernel, ọkàn Linux fúnra ẹ̀, mọ̀. Èyí tó bá ní IP àtijọ́, umount -l, yọ ọ́. Èmi tiẹ̀ ti fi soft sínú map tèmi láti ọjọ́ tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi, kó máa yára bínú kó fi mí sílẹ̀ jàre.

Baba_Kébù
Mi ò fara mọ́ ìyẹn o, ará Àgbádárìgì. Soft dáa fún ibi tó o ti ń kàwé nìkan. Home ni ibi tí wọ́n ti ń kọ nǹkan, tí iná bá lọ láàárín tí soft sì bínú, ètò tó ń kọ fáìlì lè rò pé òun ti parí, ìdajì fáìlì ló máa wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ títí ọmọ fi máa ṣí i. Hard ni kó fi sílẹ̀, tí ṣẹ́fà bá padà dé, gbogbo nǹkan á tẹ̀ síwájú láti ibi tó dúró sí. Tí ẹnikẹ́ni bá dẹ̀ sọ fún ẹ pé kó o fi intr kún un kí Ctrl+C lè já a, sọ fún un pé láti kernel 2.6.25 ni kò ti ṣe nǹkan kan mọ́.

Ará_Àgbádárìgì
Ẹ̀gbọ́n, ibi tí iná ń dúró lẹ ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni, èmi níbí, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń lọ.

Baba_Kébù
Ibo ni iná ti ń dúró? Iléeṣẹ́ iná Egbin tó lè mú 1,320 mẹ́gáwáàtì jáde wà ní Ìkòròdú wa níbí, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. UPS ni kó rà fún ṣẹ́fà home, kékeré náà tó, kó ṣáà lè pa ara ẹ̀ dáadáa kí bátìrì tó tán. Tó bá dẹ̀ tan ṣẹ́fà yẹn padà tí àwọn ọmọ ní kò tíì já geere, kó fún un ní ìṣẹ́jú kan àbọ̀, NFSv4 máa ń fi 90 ìṣẹ́jú àáyá dúró kí àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá gba lock wọn, ìyẹn ẹ̀tọ́ wọn lórí fáìlì tí wọ́n ti ṣí, padà kó tó dá àlejò tuntun lóhùn.

kékeré_root
Ẹ̀yin àgbà, mo túúbá ti 777. Ìbéèrè kan ni mo ní. AlmaLinux ni tèmi, autofs ń mount dáadáa, páásíwọọ̀dù ń gbà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ssh ò gbà, permission authorized_keys mi dẹ̀ pé 600.

Àǹtí_Tẹ́mínà
Wá kúrò níbi tí mo ní kó o jókòó sí. SELinux, ètò ààbò inú AlmaLinux ẹ, ni, kò jẹ́ kí sshd ka home tó wá láti NFS. setsebool -P use_nfs_home_dirs on. Má pa SELinux o, mo mọ̀ ẹ́.

kékeré_root
Ó gbà, àǹtí! Mo ti fẹ́ pa á tẹ́lẹ̀ lóòótọ́.

Ọmọ_Èbúté
Ẹ káàárọ̀ o. Sátidé nìyí, aago mẹ́wàá ti lù, gbogbo wọn ti wà lórí ìjókòó, mẹ́sàn-án lórí A, mẹ́fà lórí B, márùn-ún lórí D. Ohun kan ṣoṣo tó gbà mí lákòókò lóru ni pé nígbà tí mo start autofs lórí D, home tèmi fúnra mi pòórá, ṣé ẹ rí i, /home/oga ni mo fi sí nígbà tí mo tún Linux fi sí i, autofs wá bo gbogbo /home mọ́lẹ̀, tèmi dẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀. Àyà mi já, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dá autofs dúró mo rí i pé kò lọ síbì kankan. Mo ti kó o lọ sí /localhome/oga, mo fi usermod -d sọ fún D. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n, gbogbo yín, ẹ kú iṣẹ́. Flash yẹn, mo ti fún àbúrò mi, kó máa fi kó orin.